Ẹṣin Àna Kì Í Dúró Síta

                                        Ọgbà Ẹṣin,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Pákó,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ìyá ọkọ rẹ tí orúnkún ń dà láàmú ńkọ́? Mo rí i nínú lẹ́tà rẹ pé ọ̀fìnkìn ń bá ọ fínra, pé o ń sín títí àwọn oníbàárà fi ń ti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ kí ọ ní pẹ̀lẹ́, tí wọn ò wọlé. Ó dùn mí, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Jọ̀ọ́, tọ́jú ara rẹ kó tó di pé o wá kí wa lóṣù tó ń bọ̀.

Ní tiwa, ara le. Ohùn mi nìkan ló há, nítorí ariwo tí mo ti pa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. O mọ àbúrò ìyá mi tí mo ń bá tọ́jú ẹṣin, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin. O sì mọ Sùúrù, abo ẹṣin tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ dàgbà. Orúkọ yẹn kò yẹ ẹ́ rárá, torí bí oúnjẹ rẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀, yóò máa ta ilẹ̀kùn nípàá títí gbogbo wa yóò fi sá jáde. Sùúrù lóyún. Kì í ṣe ọmọdé mọ́, oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, dókítà ẹran sì kìlọ̀ fún mi pé bí àìsàn bá kọ lù ú báyìí, a lè pàdánù ìyá àti ọmọ.

Àárín èyí ni Bàbá Ẹlẹ́ṣin wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, tó ní ẹṣin méjì ń bọ̀ wá bá wa gbé. Àna rẹ̀ ló ni wọ́n, ìyá ọkọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Màmá náà ń kó lọ sí ilé tí kò ní pápá, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó bá òun gbà wọ́n sọ́dọ̀. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n a óò kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú àká koríko tó wà ní ìsàlẹ̀ pápá, ká fi mọ̀ bóyá ara wọn dá. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tó fi fò sókè.

"Ẹṣin àna mi ni kí n lọ dè mọ́ ìsàlẹ̀ pápá bí ẹni tó jalè? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ọmọ mi wálé ni?"

Mo ní àìsàn ò mọ àna. Ó ní ẹnu mi ti mú jù, pé àlejò téèyàn bá fi síta, ẹni tó rán an wá gan-an lèèyàn fi síta. A fà á títí ọ̀fun gbogbo wa fi gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ ló parí ẹ̀. Ó ní kó yan ọ̀kan: kí ojú tì í níwájú àna, tàbí kó lọ gbẹ́ ilẹ̀ tí yóò sin Sùúrù sí. Bàbá wá gbà, ṣùgbọ́n ó ní àna òun kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láéláé pé a ya ẹṣin rẹ̀ sọ́tọ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti sọ àká di yàrá àlejò. Ó gbá a, ó fi ọ̀dà funfun kun ògiri ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó rẹ̀ lójú lórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí ìyẹn sì wá kọ́tìnnì rẹ̀ títí, ojú fèrèsé àká ló ti bá a.

Dókítà ti sọ fún wa pé ẹni tó bá fọwọ́ kan àwọn tuntun kò gbọdọ̀ súnmọ́ ti ilé láìfọ bàtà, láìpààrọ̀ aṣọ. Mo gbé garawa omi ọṣẹ sẹ́nu géètì. Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Bí wọ́n ṣe sọ ẹṣin kalẹ̀ nínú lọ́rì báyìí, ó gbá èyí tó pupa mọ́ra lọ́rùn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ará ilé àna mi." Ẹṣin ni ó ń ṣe "ẹ" fún. Ẹṣin sín sí i láyà. Ó ní ó jẹ́ òun lóhùn ni, ó sì yí padà, ó dorí kọ ọ̀dọ̀ Sùúrù tààrà.

Mo fi ìgbálẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ọn. Mo ní kó mú ẹ̀gbẹ́ kan, ti ẹṣin tuntun tàbí tiwa. Inú bí i, ó gbé ibùsùn kékeré lọ sí àká, ó ní bí àna òun bá dé, yóò rí i pé òun kò fi ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀ láìní alábàágbé. Bí a ṣe di ẹni tó ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí ọgbà nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ á gbé abọ́ oúnjẹ lé orí òpó, á kí i, á yí padà. Ó sọ fún mi pé ilé ò tíì tòrò báyìí rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àna dé, láìsọ tẹ́lẹ̀. Bàbá fi kọ́tìnnì hàn án, ó ní irú ẹṣin wọ̀nyí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ ẹṣin lásán. Màmá dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó wá rọra béèrè bóyá wọ́n ti pàdé àwọn ti ilé. Bàbá rò pé ẹnìkan ti sọ fún un pé a ya ẹṣin rẹ̀ sọ́tọ̀ ni. Ojora mú un.

"Ha, àna mi, garawa kan náà ni wọ́n fi ń mumi."

Ọ̀rẹ́ mi, màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Àṣé ẹṣin aládùúgbò rẹ̀ ti ń húkọ́ kó tó kó tirẹ̀ wá. Ó mọ̀. Ojú ló tì í láti sọ, kí àna má baà ní ó kó àìsàn wá dà sí òun lọ́rùn, kò sì tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Bàbá ń wò ó, ó ń wò mí, ó wá fi ohùn kékeré jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa. Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán ni ẹṣin pupa húkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó wò. Ojú tó ń ti àwọn àgbàlagbà méjì níwájú àna wọn ni ì bá pa ẹran mi.

Ọ̀fun àwọn ẹṣin méjèèjì wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n dókítà tètè dé, wọ́n sì ti ń jẹun dáadáa. Láàárọ̀ ìjẹta, Sùúrù bí akọ, láìsí wàhálà. Mo figbe ta. Bàbá sáré wá láti ìsàlẹ̀ pápá, ó di pákó ọgbà mú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ó bá mi búra pé yóò fò ó. Ó wo aṣọ ara rẹ̀, kò sì gbé ẹsẹ̀. Ó kàn ń béèrè pé, "Ṣé ó ti dìde?" Mo ní ó ti dìde. Mo gbé orí ọmọ náà sókè kó lè rí i. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Gbogbo ìbínú tí mo ní sí i tán níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, apá wa kò ká a mọ́. Káfíńtà gbé pákó wá lánàá, bàbá ní kó fọ bàtà, kó fọ ọwọ́, kó fọ pákó. Mo wá ṣe àṣìṣe, mo ka lẹ́tà rẹ sí i létí láti orí ọgbà. Bí mo ṣe dé ibi ọ̀fìnkìn, ó dìde dúró. Ó ní kí n sọ fún ọ pé inú òun dùn sí wíwá rẹ, pé àká yóò ti ṣófo nígbà náà, òun á sì gbá a dáadáa fún ọ. Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ ti ra kọ́tìnnì mìíràn, èyí àtijọ́ ṣì wà lójú fèrèsé àká, ó ń dè ọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o fi ọwọ́ pa orí àwọn ọmọ fún mi. Kí orúnkún ìyá ọkọ rẹ san.

Tìrẹ ni mí nígbà gbogbo,

Aláròyé rẹ.