Ìhágún Agbóhùn-Ẹ́ńjìnnì, Lẹ́yìn Tí Mo Rí Ohun Tó Já Bẹ́líìtì

Èmi, mẹkáníìkì obìnrin tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Agbóhùn-Ẹ́ńjìnnì, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ni mo há ogún yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi ń jó, kì í ṣe àìsàn, ayọ̀ ni. Èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀, mo ti ya á.

1. Ilé mi di ti ọmọ mi obìnrin. Kó bá mi tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó ń dún ṣe. Mo ṣèlérí rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, n kò ráyè.

2. Ológbò ṣọ́ọ̀bù di ti lọ́yà, alámòójútó ìwé yìí, ẹni tó ń fún un lẹ́ja lábẹ́ tábìlì tó sì rò pé n kò rí òun.

3. Ṣọ́ọ̀bù, jáàkì àti gbogbo sípánà mi di ti àbúrò mi ọkùnrin, Má-Fọwọ́-Kàn-Án.

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà yín. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, òun ló pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn ọkọ̀ ọkọ mi olóògbé, rọ́bà eléyín tó ń darí fáàfù ẹ́ńjìnnì tó sì ń yí pọ́ọ̀mpù omi. (Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì, ọkọ àti ọkọ̀.) Kò pé oṣù méjì, bẹ́líìtì já lójú pópó, gbogbo fáàfù sì tẹ̀. Mo ní ó fo eyín kan nígbà tó ń so ó. Ó ní àmì ara bẹ́líìtì bá ti ẹ́ńjìnnì mu, pé kí n yẹ pọ́ọ̀mpù omi tí mo ní kó má pààrọ̀ wò. N kò yẹ ẹ́ wò. Mo pè é ní afọ́jú lójú àwọn oníbàárà, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ní oṣù tó kọjá, mo tú ẹ́ńjìnnì náà kí n lè tà á ní irin. Pọ́ọ̀mpù omi ti gan pa, rọ́bà bẹ́líìtì ti jóná mọ́ ọn lára. Mo gbé e lọ sílé àbúrò mi, èmi ẹ̀gbọ́n, mo sì kúnlẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́ dìde, pé gírísì ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì òun tuntun. Ẹ̀rín pa wá débi pé ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó rò pé ìjà ti bẹ́.

4. Ọkọ̀ náà, n kò há a fún ẹnikẹ́ni. A ti fún un ní bẹ́líìtì, fáàfù àti pọ́ọ̀mpù tuntun. Àbúrò mi ka eyín bẹ́líìtì, mo tún un kà. Ìgbà kan ṣoṣo la yí kọ́kọ́rọ́, ó jí. A ṣì ń wà á lọ́wọ́.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, pẹ̀lú ìkánjú, nítorí àbúrò mi ti ń tẹ họ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà.

Agbóhùn-Ẹ́ńjìnnì

Àwọn ẹlẹ́rìí: Télọ̀ òdìkejì títì, Akunọ̀dà ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù.