Kí Lẹ Fẹ́ Lónìí?

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n,

Má jẹ́ kí ìkọ̀wé yìí yà ọ́ lẹ́nu. Káfíńtà tí ilé rẹ̀ kángun sí ti ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ mi kàn rẹ̀ díẹ̀ ni.

Mo wà dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé oògùn ìrora wá fún mi ti sọ fún àwọn ará abúlé pé kí wọ́n yé kí mi pé "Ara á yá." Ó ní kí wọ́n máa bi mí pé, "Kí lẹ fẹ́ lónìí?" Wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn, kò sì sọ́jọ́ tí ẹnì kan ò wá.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ní mo fẹ́ máa rí ìta. Kó tó di ọ̀sán, káfíńtà ti yí bẹ́ẹ̀dì mi kọjú sí fèrèsé, ó sì fi pákó gbé ibi orí rẹ̀ sókè kí n lè máa mí dáadáa. Lánàá, ó bá mi fá irùngbọ̀n. Ó di orí mi mú bí ẹni di pákó mú. Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn, mo ní àfi kó kọ ọ́. Ẹni tí kò bá mi tan rárá.

Nígbà tó bi mí láàárọ̀ yìí, mo ní ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ló bá lọ mú ìwé wá.

Ẹ̀gbọ́n mi kí ọ, káfíńtà náà kí ọ. Bá mi kí ọmọ wa, kó fara balẹ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá ti parí, kí ẹ jọ máa bọ̀. Ẹ má yà síbì kankan lọ́nà.

Ọkọ rẹ ni.