Ọgọ́ta Káàdì Tí Wọ́n Pín Lójú Ayé Mi

Rẹ̀míláyọ̀ Ògúndípẹ̀, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó gba yàrá kan nínú ilé mi, ló ń bá mi kọ ìwé yìí, nítorí pé n kò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ. Bí ó bá tún ọ̀rọ̀ mi ṣe kí ó lè dùn létí àwọn ọmọ mi, kò ṣe mí lóore. Kò sí ohunkóhun fún un nínú ogún yìí, ó sì mọ̀. Oúnjẹ alẹ́ òní nìkan ni èrè rẹ̀.

Èmi, Sìlífátù Àṣàbí Odùfúwà, opó Múfútáù Odùfúwà, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin bí kò bá lé, tí mo ń gbé ní Lákòwé, tí mo sì ń fi bàrò, ṣọ́bìrì àti pákó ṣe háyà fún àwọn bíríkìlà láti Ajah títí dé Lẹ́kkí Free Zone, ni mo ń sọ èyí. Orí mi pé. Àyà mi ni dókítà ní kò dára. Kò sọ pé ọpọlọ mi ni. Ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀bẹ̀ tì mí ṣe é. Ìbínú ló tì mí. Mo ti bi lọ́yà bóyá ìbínú ń ba ìwé ìhágún jẹ́, ó ní rárá.

1. Gbogbo ohun tí mo ti fi ẹnu ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀, mo gbà á padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ní ọdún iléyá kan báyìí mo na ọwọ́ sí ilé, mo ní tirẹ̀ ni. Inú mi ló dùn lọ́jọ́ náà. Inú mi kò dùn lónìí.

2. Lọ́jọ́ tí mo bá kú ni kí wọ́n sin mí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ní Lákòwé níbí. Kí ẹni tí kò rí owó mọ́tò tí yóò fi wá wò mí ní ọsibítù má ṣe rí owó màlúù.

3. Àwọn méjì ni mo fi ṣe alámòójútó ìwé yìí: Lọ́yà Adétòkunbọ̀ Ṣómádé, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Thomas Estate, àti Fàtíù káfíńtà, tó ti ń bá mi tún pákó kàn láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Lọ́yà mọ òfin. Fàtíù mọ irọ́ àwọn ọmọ mi.

Kí n tó pín ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Apẹja ni Múfútáù ọkọ mi. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ló ní. Aláriwo ni, kì í sì í fọ ẹsẹ̀ kó tó wọlé, ṣùgbọ́n èmi ló máa ń kọ́kọ́ fún ní ẹja kí ó tó ta ìyókù, n kò sì tún fẹ́ ọkùnrin mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́ta pín ọkọ̀ náà. Ọ̀kan gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀kan ká àwọ̀n lọ. Ọ̀kan mú ara ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó pa ẹja kan ṣoṣo. Etí ọ̀sà ni ara ọkọ̀ náà jẹrà sí, tí àwọn ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. Ràṣídì ọmọ mi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Nítorí náà, kí ó má ṣe sọ pé òun kò mọ̀ pé nǹkan wà tí ènìyàn bá pín, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn.

4. Ilé mi ní Lákòwé jẹ́ yàrá mẹ́fà. Ilé ṣe é pín. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní: yàrá méjì fún Ràṣídì, méjì fún Ìsìmáílà, méjì fún Mọ́nsúrátù, lábẹ́ ohun tí mo wí ní ìpín kẹsàn-án. Kí wọ́n fi Rẹ̀míláyọ̀ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ń san owó rẹ̀. Ó ń yí ojú sí mi bí ó ṣe ń kọ ìyẹn. Kọ ọ́.

5. Bàrò mọ́kànlá, ṣọ́bìrì mẹ́rìndínlógún àti gbogbo pákó jẹ́ ti Ìsìmáílà. Kò gbọdọ̀ tú iṣẹ́ náà ká. Kí ó máa fi epo sí táyà wọn ní ibi irin, kí ó má sì tún yá ẹni tó bá jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì gbẹ sínú bàrò. Nínú owó háyà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ó mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún Fèyíkẹ́ ọmọ-ọmọ mi. Ohun tí owó náà wà fún wà ní ìpín keje.

6. Àwọn ewúrẹ́ mi márààrún jẹ́ ti Mọ́nsúrátù, pẹ̀lú yẹtí wúrà mi. Òbúkọ dúdú yẹn ń kàn. Kí ó tà á.

7. Ọgọ́ta káàdì mi. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó jókòó kí ó gbọ́.

Fèyíkẹ́, ọmọ Mọ́nsúrátù, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Ajah, ló gbé eré náà wá sílé. Eré ìjà ni. Ẹni méjì á jókòó kojú ara wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ọgọ́ta káàdì tirẹ̀. Wọ́n á máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fi àwọn tó wà nínú àwòrán bá ara wọn jà. Kò sí owó lórí tábìlì. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń péjọ sí òkè ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Thomas Estate, àwọn ọmọ ẹ̀sítéètì, àwọn òṣìṣẹ́, àti èmi.

Àpótí káàdì tí ọgọ́ta ti pé sínú rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù la kọ́kọ́ rà. Oṣù méjì gbáko, a kò borí ẹnikẹ́ni. Fèyíkẹ́ wá ní kí a máa ra àwọn àpò dídì tí ènìyàn kì í mọ ohun tó wà nínú wọn títí yóò fi ya wọ́n. Mo ní rárá, n kì í ra ẹja inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bò. Ẹyọ kan tí a bá fojú rí la ó máa rà, ẹyọ kan lóṣù, kò sì gbọdọ̀ ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ, láti inú owó bàrò. Bí ọ̀kan bá wọlé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Kò pẹ́ tí a fi máa ń mọ èyí tí yóò wọlé. Èyí tí yóò jáde ni a máa ń jà lé lórí.

N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ àwòrán. Bí Fèyíkẹ́ bá ti ka ohun tí káàdì kan ń ṣe sí mi létí lẹ́ẹ̀kan, n kì í tún béèrè mọ́. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ: Ìyá Olómi, Ewúrẹ́ Onírin, Ọlọ́dẹ Olójú Kan. Fèyíkẹ́ fẹ́ràn àwọn ẹranko ràbàtà tí wọn kì í lè jáde títí àwọn tí à ń bá jà á fi nà wá tán. Mo bi í bóyá ó ti rí bíríkìlà tó kan páànù kó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ rí. Oṣù mẹ́fà la fi yọ àwọn ẹranko ràbàtà kúrò, tí a fi àwọn kékeré tó ń tètè dìde rọ́pò wọn. Oṣù mẹ́rin la fi kó Ìyá Olómi mẹ́rin jọ, nítorí bí káàdì kan bá dára, mẹ́rin irú rẹ̀ lòfin eré gbà, kí ó lè tètè bọ́ síni lọ́wọ́. Lóṣù kan, Fèyíkẹ́ bá mi bínú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nítorí kìnnìún kan báyìí. Ó ní, “Màmá àgbà, ẹ wo bó ṣe ń dán!” Mo ní ìkòkò tuntun náà ń dán, kò tíì gbà mí lọ́wọ́ ọ̀tá rí. Ìyá Olómi kẹta la rà. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a na ẹni mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ dókítà.

Oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la fi ṣe é. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Mo ti sọ ọ́ nìyẹn, n kò ní tún un sọ. Fèyíkẹ́ ni mo fi gbogbo ọgọ́ta káàdì náà fún, lódindi, pẹ̀lú àpótí wọn, àti ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà oṣooṣù tó wà ní ìpín karùn-ún. Kò gbọdọ̀ fi í ra àpò dídì.

8. Ohun tí àwọn ọmọ mi ṣe nìyí, kí ó lè wà lákọsílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, àyà mi dá mi dúbúlẹ̀, wọ́n sì gbé mi lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò. Fèyíkẹ́ ló jókòó tì mí. Lọ́jọ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì kan ní kí àwọn ọmọ mi máa múra sílẹ̀. Inú yàrá mi ni wọ́n ti lọ múra. Ràṣídì, ọ̀gá àwọn awakọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Free Zone, ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé káàdì kan wà lókè òkun tí owó rẹ̀ lè ra mọ́tò. Wọn kò mọ èyí tó níye lórí nínú tèmi, nítorí náà wọ́n da ojú gbogbo wọn dé, wọ́n sì ń pín wọn ní ẹyọ ẹyọ bí ẹní ń pín ẹran iléyá: méjì fún Ràṣídì, méjì fún Ìsìmáílà, ọ̀kan fún Mọ́nsúrátù, nítorí pé ìpín ọkùnrin jẹ́ ìlọ́po méjì. Mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìnlélógún, méjìlá. Mọ́nsúrátù fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé Ràṣídì pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ẹ ò rí i bó ṣe jẹ́ géérégé? Ọlọ́run ló fọwọ́ sí i.”

N kò bá ẹ̀sìn jà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pín ogún òkú. Ṣùgbọ́n èmi kò kú. Ohun òkú là ń pín; ohun alààyè, jíjí là ń jí i.

Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé, mo ṣí àpótí, mo bá a lófìfo. Mọ́nsúrátù dá méjìlá rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì, ojú sì tì í tó bó ṣe yẹ. Ìsìmáílà mú mọ́kànlélógún wá, ó kó ìyókù wá nínú ọ̀rá, ní yíya, ó ní àwọn ọmọ òun ni. Ràṣídì kò mú ẹyọ kan wá. Ó ní, “Màmá, tẹ́tẹ́ lẹ̀yin náà ń ta lọ́jọ́ ogbó yín yìí? Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi kó ẹ̀ṣẹ̀ fún yín.” Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ rẹ̀ wá yá pákó, ó sì sọ fún Fàtíù pé ọ̀gá òun ya fọ́tò káàdì mẹ́rìnlélógún, ó ń fi ránṣẹ́ kiri pé ta ni yóò rà wọ́n. Bí ẹran mi kò bá mọ́, kí ló ń fi omi ọbẹ̀ rẹ̀ ṣe? Òun ni mo pọ̀n pẹ́ jù nínú wọn. Ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí.

Kí Ràṣídì sì gbọ́ èyí: kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó tó owó mọ́tò. Kò sí èyí tó tó owó táyà. N kò ra èyí tó ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ rí. Bí wọ́n bá pé ọgọ́ta, wọ́n lè na dókítà. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rìnlélógún, bébà ni.

9. Nítorí náà, mo pàṣẹ báyìí. Ìsìmáílà yóò ra mẹ́ta tó ya padà, ẹyọ kan lóṣù, bí a ṣe rà wọ́n. Oṣù mẹ́ta ni mo fún un. Ràṣídì ní àyè títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ mi láti kó mẹ́rìnlélógún rẹ̀ lé Fèyíkẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá dá wọn padà, yàrá méjì rẹ̀ di tirẹ̀. Bí kò bá dá wọn padà, káàdì mẹ́rìnlélógún náà ni ogún rẹ̀ látọ̀dọ̀ mi, kò sì ní òmíràn. Owó tí ayálégbé bá ń san lórí yàrá méjì náà ni Fèyíkẹ́ yóò fi ra káàdì mìíràn rọ́pò wọn, ọ̀kan lóṣù, ọdún méjì géérégé. Ìyókù owó náà, kí wọ́n fi tún òrùlé ṣe. Lẹ́yìn ọdún méjì, kí yàrá náà di ti àwọn ọmọ Ràṣídì. Àwọn kò ṣẹ̀ mí.

10. Lọ́yà ní àṣà ni kí a pa ìwé ìhágún mọ́ títí ẹni tó ni ín yóò fi kú. Àwọn ọmọ mi kò dúró de ikú mi kí wọ́n tó pín, nítorí náà wọn kò ní dúró de ikú mi kí wọ́n tó gbọ́. Lọ́sẹ̀ yìí ni kí a kà á fún wọn.

Wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí ní ẹ̀ẹ̀mejì, ohun tí mo sọ ló wà níbẹ̀. Àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ síhìn-ín, ti ọwọ́ ọ̀tún, ní Lákòwé, lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Sìlífátù Àṣàbí Odùfúwà (àmì àtàǹpàkò rẹ̀)

Àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n wà níbẹ̀, tí wọ́n fojú rí i nígbà tó tẹ̀ ẹ́:
Clement Akínrìnádé, ẹ̀ṣọ́ ní ẹ̀sítéètì, Lákòwé.
Habeeb Òṣínọ̀wọ̀, atúntáyàṣe, Ajah.

Àwọn tí ẹ ó sọ fún: Mọ́nsúrátù ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, nílé rẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ pe Ìsìmáílà lórí fóònù; ó ń gbé e. Ẹ má pe Ràṣídì, kì í gbé tèmi. Kí Lọ́yà àti Fàtíù lọ bá a ní ẹnu géètì ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Free Zone, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jáde, kí àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ owó mọ́tò fún un lè wà níbẹ̀. Ẹ kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ wọlé sínú ọ́fíìsì, ẹ má wọlé. Bí ó bá bínú, ẹ máa kà á lọ. Bí ó bá sunkún, ẹ dúró kí ó sunkún tán, kí ẹ sì tún ìpín kẹsàn-án kà, nítorí kò ní gbọ́ ọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan.