Irinwó Ó Lé Mẹ́tàdínlógún Ni Wá

Castelbrune,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí mo fún wàrà àárọ̀ tán.

Maylis ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Paris níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́fà yẹn kò tíì yọ ọ́ lórúnkún? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á gbọ́ ohun tí etí kò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ. Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀ ni wàá máa wọlé nírọ̀lẹ́, ọ̀gá rẹ kò ní bínú sí ọ láìnídìí, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ìjókòó rẹ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ìjókòó mìíràn ni yóò bá pàdé. Àmín.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, àgùntàn mẹ́ta bímọ lásìkò tí kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́, ajá Firmin ọ̀rẹ́ mi sì ti kọ́ bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná. Ìyá rẹ wà dáadáa, àmọ́ ó ti yí tẹlifíṣọ̀n kọjú sí ògiri láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń gbọ́ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Kò burú púpọ̀, òjò tí wọ́n bá sọ ṣì ń rọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni tó ń gbé ìròyìn jáde. Kò sì tíì dárúkọ rẹ láti ìgbà náà, Maylis, ìdí tí mo fi mú kálàmù nìyẹn.

O mọ ère Màríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọṣọ. Ẹnì kan tó ra ilé síbí, tó jẹ́ pé ìgbà ẹ̀rùn nìkan la ń rí i, ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé ilẹ̀ ìjọba ni ère náà dúró sí, pé òfin kò sì gba ohun ìsìn láyè níbẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n gbé e kúrò kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Mo mọ̀ pé òfin ni òfin. Èmi fúnra mi, o mọ̀ mí, àfi Kérésì àti ìsìnkú ni mo fi ń rí inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ère yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi, ìdí rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọkùnrin abúlé wa tí ogun pa sí, ó sì dùn mí pé wọn yóò wá fi ẹ̀rọ gbé e bí ẹni gbé fíríìjì tó ti bàjẹ́.

Ni Huguette tó ń ta búrẹ́dì bá pè wá jọ pé ká wọ́de lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ òkò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú èèyàn, ẹni tí èébú bá ń yún lẹ́nu kó lọ bú ọkọ rẹ̀ nílé. Iṣẹ́ tí wọ́n wá yàn fún mi ni kíkà. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Huguette, àmọ́ ó ní bí a kò bá ka ara wa, ìjọba yóò bá wa kà á, a ó sì rí i. Mo lọ dúró sí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé àlùfáà àti ibi ìfọṣọ, níbi tí èèyàn méjì kò lè gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, bí mo ṣe ń dúró lẹ́nu ọgbà tí àwọn àgùntàn bá ń wọlé. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú àpò mi òsì, bí ogún èèyàn bá kọjá, òkúta kan á bọ́ sí àpò ọ̀tún. Nígbà tí gbogbo wọ́n kọjá tán, ogún òkúta ló ti ṣí lọ, èèyàn mẹ́tàdínlógún sì lé, èmi náà sì wà nínú wọn. Irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún. Tíṣà Lacombe, tó kọ́ yín ní ìṣirò, fara mọ́ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ náà, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní Anselme, o kò gbọdọ̀ kà mí o. Mo ní ta ló ń kà ọ́? Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó jáde wá fi agboòrùn rẹ̀ bo Huguette títí a fi parí, ó sì tún ń pariwo sí mi pé òun kò sí níbẹ̀ o, agboòrùn òun ló wà níbẹ̀. N kò kà á.

Bí òjò ṣe ń rọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan ń fò lókè wa, tó ń kùn bí oyin. Ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan ní ẹ̀rọ ìjọba ni, pé ó ń wò wá. Mo ṣí fìlà, mo kí i, mo tún yíra padà kó lè rí ẹ̀yìn mi náà, kí wọ́n má baà ní ìdajì mi ni wọ́n rí. Ìyá rẹ ní mo dójú ti òun. Kí ló wà níbẹ̀? Ẹni tó bá wá síbi tèèyàn wà, a máa ń kí i ni.

Lálẹ́, aṣojú ìjọba bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó wọ tái pupa, ó ní ọgọ́rin alákatakítí ló wọ́de ní Castelbrune, àwọn tí ayé tuntun ń bà lẹ́rù. Ẹnu yà mí. Mo gbìyànjú láti rántí ẹni tí ayé tuntun ń bà lẹ́rù nínú wa. Huguette tó jẹ́ pé fóònù ló fi ń gba owó búrẹ́dì ni, àbí ìyá rẹ tó ń bá ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Kánádà sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi? Mo ronú sí ọgọ́rin yẹn títí, ìgbà tí mo ń fún wàrà ló tó yé mi. Òjò ń rọ̀, ọmọ mi. Òkè ni ẹ̀rọ yẹn wà. Àwọn agboòrùn darandaran wa tó fẹ̀ bí àgọ́, èèyàn márùn-ún márùn-ún, mẹ́fà mẹ́fà ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agboòrùn ni wọ́n kà! Aṣojú ìjọba kò purọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ ni kò lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ agboòrùn. N kò sì gbè sẹ́yìn tiwa náà, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Huguette sọ fún rédíò pé ẹgbàá ni wá. Wọ́n yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, wọ́n tún yí i ká, gbogbo ìgbà tí èèyàn bá sì ti kọjá ni wọ́n ń kà á lákọ̀tun. Mo sọ fún Huguette pé irọ́ ni, ó sì bínú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń ta búrẹ́dì àná fún mi.

Mo pinnu láti ran ìjọba lọ́wọ́. Ìyá rẹ bá mi rí ojú ewé tí aráàlú ti lè kọ̀wé sí wọn lórí fóònù. Nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé kí n jẹ́rìí pé n kì í ṣe ẹ̀rọ. Kò bí mi nínú, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ti já wọn kulẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra. Mo pe ìyá rẹ, ó sọ ọ́ sókè sí fóònù pé òun ti ń bá mi gbé fún ọdún méjìdínláàádọ́ta, pé èèyàn ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í tètè gbọ́rọ̀. Wọ́n wá fi àwòrán mẹ́sàn-án hàn mí pé kí n mú àwọn tí kẹ̀kẹ́ wà nínú wọn. Mo rò pé wọ́n jí kẹ̀kẹ́ ẹnì kan gbé ni. Mo wo gbogbo rẹ̀ fínnífínní, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé n kò rí ọ̀kankan nínú wọn rí ní agbègbè yìí, àmọ́ n ó la ojú mi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ agboòrùn. Kíá ni èsì dé! Wọ́n kí mi, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ní kí n má fèsì sí lẹ́tà náà. Mo fèsì pé ó dáa, n kò ní fèsì.

Ọjọ́ kejì ni Huguette gbé ìwé ìròyìn yín wá, ó ká a sábẹ́ apá bí ẹni gbé ejò. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka lé orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ ni. O kọ ọ́ pé ọgọ́rin ni wá. O kọ ọ́ pé alákatakítí ni wá, pé ìkórìíra ló kó wa jáde. Ìyá rẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó lọ yí tẹlifíṣọ̀n kọjú sí ògiri. Mo gbèjà rẹ, má rò pé n kò gbèjà rẹ. Mo ní ìwọ kò sí níbẹ̀, Paris lo wà, ohun tí ìjọba bá sọ fún ọmọdé lọmọdé ń kọ. Huguette ní ṣé ọmọdé tí kò ní nọ́ńbà fóònù bàbá rẹ̀ ni?

Àwòrán tó wà níbẹ̀ ló bà jẹ́ jù. Firmin ni wọ́n gbé síbẹ̀, Firmin wa, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, orí rẹ̀ ń dán, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìbínú ti gba ojú àwọn alákatakítí. Maylis, oògùn jẹjẹrẹ ló kó irun Firmin lọ. Láti oṣù kẹfà ló ti ń gbà á, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́sibítù ní Rodez. Ajá rẹ̀ ló sì ń pè, nítorí pé ajá náà já búrẹ́dì ọlọ́pàá ọ̀dọ́ yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá náà ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí àwòrán náà ti jáde, kì í bọ́ fìlà lọ́sibítù mọ́, kódà bí nọ́ọ̀sì bá ní kó bọ́ ọ. Ó ní àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́rin lòun ti lò láyé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ojú òun dé inú ìwé ìròyìn, ó sì ṣeé ṣe kó má tún sí ìgbà mìíràn. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́, ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ń wò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ohun kan tún wà tí n kò fi han ìyá rẹ. Ọwọ́ kan wà léjìká Firmin nínú àwòrán yẹn. Wọ́n gé àwòrán náà débi pé ọwọ́ yẹn kò lólúwa, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ọwọ́ òsì ni, ìka rẹ̀ àárín sì kú sí ìdajì. O mọ ọwọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí àlùmọ́gàjí irun àgùntàn gé ìka mi yẹn, ìwọ lo fi ìborùn rẹ dì í, tí o mú un dání títí dókítà fi dé, tí o kò sunkún àfi ìgbà tó dé tán. Mo mọ̀ pé àyè kì í tó nínú ìwé ìròyìn, wọn kò lè gbé gbogbo èèyàn síbẹ̀. Bóyá ẹlòmíràn ló gé e kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bóyá ìwọ lo gé e kí ìtìjú má baà bá mi, n ó sì dúpẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé kí ìtìjú má baà bá ìwọ ni, sọ fún mi, n kò ní bínú, àmọ́ jẹ́ kí n mọ̀, nítorí n kò rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Nípa ti owó, má jẹ̀ẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ́rùn, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ti họ bí orí mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ń bọ̀. Bí o bá rí ọgọ́rin yúrò, fi ránṣẹ́. Má ṣe fi í sínú fóònù o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èyí tó kẹ́yìn fi wà nínú fóònù ìyá rẹ tí a kò rí ibi tó ti ń jáde. Póòsì ni kí o fi rán an.

Sátidé tó ń bọ̀ la ó tún wọ́de, ẹ̀ẹ̀kẹyìn nìyẹn kí wọ́n tó gbé ère náà lọ, bí wọn yóò bá gbé e lọ. N kò ní kí o wá gbè sẹ́yìn wa. Èrò tìrẹ ni tìrẹ, ìwé tí mo rán ọ lọ kà ló fún ọ, n kò ní gbà á padà. Àmọ́ wá, kí o wá wò ó fúnra rẹ. Bí o bá fẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn Tíṣà Lacombe, ó ní àga. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn àwọn ọlọ́pàá lo fẹ́ dúró sí, dúró síbẹ̀. Tíṣà ní kí n má ka òun, mo sì gbọ́ tirẹ̀. Ìwọ, n ó kà ọ́.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ ní gbogbo ọ̀nà tí o bá ń tọ̀, kó má jẹ́ kí kálàmù rẹ gbẹ, kó má sì jẹ́ kí ó kọ ohun tí ọkàn rẹ kò rí. Wàá dàgbà, wàá dògbó, a kò ní fi ọ́ ṣọ̀fọ̀.

Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá báyìí, ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí láti àárọ̀. Mo ní Maylis. Ó wọ yàrá oúnjẹ lọ, ó gbé ìgò jáàmù ọ̀pọ̀tọ́ kan jáde, ó gbé e ka iwájú mi. Mo ní ṣé kí n dì í mọ́ lẹ́tà ni? Ó ní rárá, ìgò náà wúwo jù fún póòsì, ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ kó wá mú un. Ó ní n kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Anselme.