Òòfà Tó Wà Lápò Àlàmú

Ilé Suara Télọ̀,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí, Abúlé Olókùúta,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Àìkú.

Uswat Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ ní Ọgbà ní Èkó? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ yín ní Ìkẹjà ń lọ, ṣé onílé yín ò tíì fi kún owó ilé? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí etí wa ò lè gbà. Àwa náà wà láàyè. Ìyá rẹ Sùlíyá kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń san, ewúrẹ́ tó lóyún nígbà tí o wá sílé fún Iléyá ti bí méjì, akọ ni méjèèjì, bẹ́ẹ̀ abo ni mo gbàdúrà fún. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lórí fóònù, torí inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ fóònù ń gbà kọjá, ilé Àlàmú bíríkìlà ló sì wà láàárín abúlé yìí àti Èkó.

Mo gba ohun tí o fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ Teslim. Ó gbé e wá láti Oko Ọba pẹ̀lú bókótó mẹ́rin. Bókótó yẹn dára, a jẹ ẹ́. Uswat, ṣé ohun tí o ń fi owó iṣẹ́ rẹ rà nìyí? Pátákó tí kò tó páálí ìṣáná, tí wọ́n lẹ gíláàsì mọ́, tí ọfà kan wá ń yí nínú rẹ̀ bí aáyán tó mutí? Nígbà tí mo wá kí ọ lọ́dún tó kọjá, mo rí tábìlì rẹ, wáyà dà sílẹ̀ níbẹ̀ bí ìfun màlúù. O ní o ti fi ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn kó lè máa ké bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Mo bi ara mi pé kí ni ajá ṣe ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń pọn ọmọ, ìwọ ń pọn bátìrì.

Ṣùgbọ́n torí o sọ pé ó mọ gàbàsì ju ènìyàn lọ, mo gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. O mọ̀ pé a fẹ́ tún un kọ́. Okùn tí èmi fọwọ́ ara mi ta ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn ni gbogbo jàmáà fi ń mọ ibi tí a ń kọjú sí kírun. Àlàmú bíríkìlà wá dé, ó ní okùn mi wọ́, ó ní ọ̀nà Ìlọrin la ti ń forí kanlẹ̀ fún láti ìgbà yẹn, ó sì ri èèkàn tirẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Tó bá jóòótọ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn tó ti kírun lórí ìlà mi títí wọ́n fi kú? Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa da kọnkéré ìpìlẹ̀. Lèmọ́mù ní kí ẹ̀rọ ọmọ Suara dá ẹjọ́ náà.

Mo tẹ̀lé ìwé tí o kọ mọ́ ọn. O ní ká gbé e jìnnà sí irin àti òòfà. Ti irin yé mi, mo ka sáyẹ́ǹsì dé fọ́ọ̀mù fáìfù. Mo ní kí wọ́n gbé bárò àti ṣọ́bìrì lọ sẹ́yìn odi, Lèmọ́mù bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, Àlàmú gbé òòlù sílẹ̀. Òòfà gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ta ni ò mọ òòfà? Èyí tí àwọn oníṣòwò ń rì sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ kí oníbàárà lè máa ya wọlé láìmọ ìdí. Mi ò mọ̀ pé ó ń fa ẹ̀rọ pẹ̀lú. Mo kéde lójú Lèmọ́mù pé ẹni tó bá gbé òòfà wá sí ilé Ọlọ́hun kó tètè jẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́.

Mo wá gbé ẹ̀rọ rẹ sáyà, bí ẹni gbé Kùránì. Uswat, o dójú tì mí. Èmi ni ọfà náà kọjú sí. Mo yí sọ́tùn-ún, ó ń wò mí. Mo yí sósì, ó ń wò mí. Mo kẹ̀yìn sí gbogbo wọn, kò kúrò láyà mi. Lèmọ́mù wá ní, "Suara, ṣé ìwọ wá ni Káábà, ká máa kírun sí ọ?" Ẹ̀rín tí wọ́n rín, àwọn aláṣọ funfun tó ń jọ́sìn lódìkejì títì jáde wá wò wá.

Àlàmú gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi. Bó ṣe rìn jìnnà sí mi díẹ̀ báyìí, ọfà náà gbọ̀n, ó yí, ó sì dúró lórí èèkàn tirẹ̀ bí ewúrẹ́ tó mọ ọ̀nà ilé. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n yẹ àpò Àlàmú wò. Obì àbọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó ti gbé òòfà náà mì ni. Òòfà tí wọ́n bá gbé mì kì í sí lápò mọ́.

Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ bi mí pé kí ló wà lápò tèmi. Mo kó o jáde fún un: téèpù, ṣọ́ọ̀kì, àti mágínẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí kì í kúrò lápò àyà mi. Abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ló kan irinṣẹ́ télọ̀ kan òòfà? Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́ sí ọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Mo ti kọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Lèmọ́mù ti gbà pé ká tún un wò lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó da kọnkéré, èmi nìkan ni màá sì gbé e dání títí a ó fi parí, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, owó tí o bá fẹ́ fi ra pátákó mìíràn, fi ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra fìlà tí màá fi dúró níwájú jàmáà. Mágínẹ́ẹ̀tì mi náà ti ń rẹ̀, kò gbé ju abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án lọ mọ́. Bá mi wá ńlá kan ní Ìkẹjà, irú èyí tó máa ń wà nídìí sípíkà ńlá, kí Teslim gbé e bọ̀ lỌ́jọ́bọ̀. Àpò àyà yẹn náà ni màá fi í sí. Mi ò fẹ́ kí Àlàmú rí mi lọ́jọ́ náà bí télọ̀ tí kò ní irinṣẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Kí Ọlọ́hun fa ọkọ gidi sún mọ́ ọ kí ọdún yìí tó parí, láìlo òòfà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Suara Télọ̀.