Ojóbó Kejì Lára Okùn Funfun

Màmá wa, Hannah Olúlékè, ọdún mẹ́rin pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin! Ẹ̀rùn mẹ́rin ni a ti bá ìjọ aláṣọ funfun wa fi ẹsẹ̀ lásán rin ìrìn ọlọ́jọ́ mẹ́ta, láti Ofosu títí dé àpáta àdúrà ní Odode, láìsí yín.

Pamílẹ́rìn tí ẹ fi sílẹ̀ ní kékeré ti ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. A ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, tí ẹ máa ń sọ pé erùpẹ̀ rẹ̀ ń ba aṣọ funfun yín jẹ́. Kòkó so dáadáa lọ́dún tó kọjá. Bí Bàbá bá ń wá bàtà wọn, orúkọ yín ni wọ́n ṣì máa ń pè.

Gbọ́tèmi, àkọ́bí yín tí ẹ fi ìwé orin kọ́ ní kíkà lẹ́bàá ààrò, torí pé ojú ń tì í láti jókòó láàárín ọmọ ọlọ́mọ, kò tíì yí padà. Bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀, etí ló ń lò. Màmá Ọláwùmí, ọmọ ìjọ wa tó máa ń rìn lẹ́yìn wa lọ́nà àpáta, ṣì ń bi í pé, "Gbọ́tèmi, ṣé o ti gbé ahọ́n rẹ mì ni?"

Okùn yín náà wà níbẹ̀. Ẹ rántí ọdún tí Pamílẹ́rìn sọnù sínú èrò ní Ofosu, tí a wá a láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Nígbà tó di ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ẹ fa sùtánà funfun yín tó ti gbó ya, ẹ lọ́ ọ di okùn, ẹ ta ojóbó mẹ́rin sí i, kí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lè wọ ọ̀kan. Ti Bàbá ló ṣáájú, tiyín ló ṣìkejì, lẹ́yìn náà ti Gbọ́tèmi, kó tó wá kan ti Pamílẹ́rìn. Ẹ ní, "Ọmọ kankan ò tún ní bọ́ sínú èrò mọ́ lójú mi."

Látìgbà tí ẹ ti lọ, Bàbá ò jẹ́ kí a tú ojóbó yín. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Funfun ni, funfun ló gbọ́dọ̀ máa jẹ́. Bó bá ku ọ̀la ká gbéra, àwọn fúnra wọn ló ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ojóbó tó ṣófo yẹn ni Gbọ́tèmi ti ń rìn láti ọdún mẹ́rin. Bí Bàbá bá yára, okùn á fún un lọ́rùn ọwọ́. Bí Pamílẹ́rìn bá falẹ̀, á tún fún un. Kò lè sáré, kò lè dúró. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi lọ́dún yìí, pé nígbà mìíràn, ó máa ń ṣe òun bíi pé wọ́n so òun mọ́ ibojì.

Màmá, ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́rùn yìí.

Lọ́jọ́ kẹta, níbi tí àpáta méjì ti fún ọ̀nà mọ́ra, èrò há. Àwọn tó wà níwájú ti dúró. Àwọn ẹ̀yìn ò mọ̀, wọ́n ń tì wá. Oòrùn ń jó wa lórí, àpáta ń jó wa lẹ́sẹ̀. Gbọ́tèmi ò ráàyè gbé apá sókè láti nu òógùn ojú. Obìnrin kan fún mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pọn ọmọ. Mùjídàt lorúkọ rẹ̀, ará Ṣakí ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóko kòkó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀, ọ̀kadà ò rọ́nà gbà láàárín èrò, ló bá ń fẹsẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù ní Odode. Àdín tó fi pa ọmọ lára ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èrò tún tì. Ẹsẹ̀ obìnrin náà yẹ̀. Ó na ọwọ́, ojóbó yín lọwọ́ rẹ̀ bà.

Bàbá yíjú padà. "Fi í sílẹ̀! Ìyàwó mi ló ni ín!"

"Ẹ má bínú, sà." Ó sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́, Màmá. A rí i tó ń rì lọ sísàlẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ èèyàn, tòun tọmọ.

Ìgbà yẹn ni Gbọ́tèmi lahùn. Kò pariwo. "Bàbá, torí ọmọ tó bọ́ sínú èrò mà ni Màmá ṣe fa aṣọ wọn ya."

Bàbá wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbá ọrùn ọwọ́ obìnrin náà mú, wọ́n tì í bọ inú ojóbó yín, gbogbo wa sì fà. Okùn tí ẹ lọ́ kò já.

"Hẹn-ẹn," Màmá Ọláwùmí sọ látẹ̀yìn, "ahọ́n ọ̀hún ṣì ń bẹ lẹ́nu."

Kò sáyè ẹ̀rín níbẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí ọ̀nà tó là. Ọmọ náà gbé orí lé èjìká Gbọ́tèmi, ó gbóná bí ẹ̀yinná, Gbọ́tèmi sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Nígbà tí a jáde, ọsibítù la kọ́kọ́ yà sí ká tó dé àpáta àdúrà. Ara ọmọ náà ti yá báyìí. Ó ti ń jẹun.

Àdín ti wọ ara ojóbó yín. Bàbá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ. Pamílẹ́rìn ní kí àwọn fi bílíìṣì sí i. Bàbá ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó wà lórí okùn ìsáṣọ báyìí, níbi tí ẹ máa ń sá sùtánà yín sí.

Ẹ má bínú sí wa pé a ba funfun yín jẹ́. Bàbá ní lẹ́rùn tó ń bọ̀, ẹni tó bá ń ṣubú ni kó di ojóbó yẹn mú. Gbọ́tèmi ní ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni òun á ṣì máa rìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta la fẹ́ fi wé ọwọ́ yín, Màmá? Ẹnikẹ́ni tó bá dì í mú, a ó máa wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀yin la ó sì máa rántí. Àárò yín ń sọ wá lójoojúmọ́. A nífẹ̀ẹ́ yín síbẹ̀.

Olúlékè, ọkọ yín
Olúwagbọ́tèmi àti Olúwapamílẹ́rìn, àwọn ọmọ yín
Odode, Ìdànrè