Omi fún Ẹni Tó Ti Òṣùpá Dé

Ìtàjí-Èkìtì, 2001.

Ọdúnayọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Orúnkún bàbá rẹ ti ń san.

A wo fíìmù àtijọ́ tí o fi sílẹ̀, ti ọkùnrin tó lọ sí òṣùpá. Bàbá rẹ ń rẹ́rìn-ín pé òun rí okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ tó gbé e lọ kọ́. Èmi náà rí i, àmọ́ mo sunkún nígbà tí ọkùnrin náà ń pe ìyá rẹ̀ lórí rédíò. Àbùkù tó dùn mí ni pé nígbà tó padà délé, ìbéèrè ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bu omi fún un.

Ọdún kẹsàn-án rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù nìyí. N kò ní bi ọ́ léèrè ohun tí o kó bọ̀. Omi rẹ wà nínú àmù. Olúwa á mú ọ wá mu ún.

Ìyá rẹ,
Fúnmilọ́lá